Fírémù Wúrà tí Bólúwadúró Yọ Kúrò

Ní Kábà, bí èèyàn bá kú tí kì í ṣe Bólúwadúró ló ṣe pósítà rẹ̀, àwọn ọmọ olóògbé á máa ṣàlàyé títí ẹnu á fi rẹ̀ wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Lọ́kọ́ja: yàrá kan, kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń wúkọ́ kó tó ṣiṣẹ́, àti ògiri iwájú tó kún fún ojú àwọn tó ti lọ. Bàbá àgbà kan láti Ẹ̀júkù wà níbẹ̀, ìyá ìjọ kan láti Makutu wà níbẹ̀, tíṣà àtijọ́ kan láti Ponyan náà wà níbẹ̀ nínú kóòtù dúdú. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà á dúró díẹ̀, á wo ẹni tó kàn, á mirí, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ni kì í ya fótò. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, fótò pélébé kan tí bàbá yà fún káàdì ìdìbò ni àwọn ọmọ á gbé wá, ojú rẹ̀ á le koko, síńgílẹ́ẹ̀tì ló sì máa wà lọ́rùn rẹ̀. Bólúwadúró á gé orí yẹn, á wá kóòtù tó bá a mu nínú kọ̀ǹpútà, á fi wọ̀ ọ́. Á na ibi tí ojú ti hunjọ, á pa àpá rẹ́, á tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí iwájú orí. Á fi àwọ̀ àlùkò sí ẹ̀yìn, á fi ẹyẹlé funfun méjì sókè, á tan àbẹ́là kan sísàlẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ bá rí i, wọ́n á ní, "Bàbá wa ò tiẹ̀ dára tó báyìí rí." Bólúwadúró á rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ìyìn tó tóbi jù lọ nídìí iṣẹ́ náà nìyẹn.

Fírémù wúrà kan wà tó yà sọ́tọ̀, gígùn díẹ̀, roboto lókè àti nísàlẹ̀, tí òdòdó wẹ́wẹ́ yí ká. Kì í ṣe gbogbo olóògbé ló ń rí i gbà. Ẹni tó fi sínú rẹ̀ kẹ́yìn ni Juliet, ìyàwó rẹ̀, tí àìsàn tí kò pẹ́ rárá mú lọ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó, tó ṣe pósítà ìyàwó rẹ̀, tó ń nu omi ojú rẹ̀ nù, tó sì ṣe é dáadáa. Láti ìgbà náà ló ti ti kámẹ́rà rẹ̀ bọ inú dúrọ́ọ̀. Fótò tí àwọn èèyàn bá gbé wá ló ń tún ṣe, kò tún gbé kámẹ́rà sójú ẹni tó wà láàyè mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Juliet fi sílẹ̀ fún un, Virtue, ọmọbìnrin tó ti ń parí ìwé mẹ́wàá báyìí. Ojú Juliet ni ojú Virtue, Bólúwadúró kò sì lè wo ojú náà pẹ́. Kò sí ìjà nílé wọn o. Bí ọmọ bá jí, á kí i bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa, á ní, "Okun o, Bàbá." Bàbá á ní, "Okun, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?" Ọmọ á ní òun ti jẹun. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ìdánwò, Virtue ń lọ máa gbé lọ́dọ̀ Tabitha, àbúrò ìyá rẹ̀, ní Lọ́kọ́ja, gbogbo ètò rẹ̀ sì ti tò. Ẹ̀rù tó ń ba Bólúwadúró kò ju ẹyọ kan lọ: kí ọmọ yìí má lọ tán kí òun àti ẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Virtue wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó sì fa àga jókòó, ọkàn bàbá rẹ̀ fò sókè.

"Bàbá, àwa ọ̀dọ́ fẹ́ ṣe magasíìnì orin," ó ní.

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń kọrin ni wọ́n, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọmọ mọ́ṣáláṣí, láti Kábà, Ìyàrá àti Ògìdì. Ẹnu ìbílẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń kọ ọ́, wọ́n á wá fi ìlù ayé òde òní sí i, fóònù ni wọ́n sì fi ń gbà á sílẹ̀. Wọ́n ti gba gbọ̀ngàn ìlú fún ọjọ́ kan tí wọ́n fẹ́ kọrin fáráyé, magasíìnì náà ni wọ́n sì fẹ́ pín lọ́jọ́ náà. Virtue ni wọ́n yàn pé kó bójú tó o.

"Ẹnì kan wà ní Lọ́kọ́ja tó lè bá wa ṣe é," Virtue sọ, ó ń wo ilẹ̀. "Success ló ní kí n kọ́kọ́ bi yín." Success ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọkùnrin tó máa ń gba orin wọn sílẹ̀.

"Èmi ni màá ṣe é," Bólúwadúró dáhùn, kò tiẹ̀ jẹ́ kó délẹ̀.

"Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ o, Bàbá. Kó jọ wá."

"Á jọ yín. Á tiẹ̀ dára jù yín lọ."

"Rárá o, Bàbá. Kó ṣáà jọ wá."

Ó gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó gbọ́ ọ. Àmọ́ ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kan lára fún ọdún gbọọrọ kì í bi etí léèrè kó tó ṣe tirẹ̀.

Nígbà tó ṣí àwọn fótò tí Virtue fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, àánú wọn ṣe é. Irú fótò wo tún nìyí? Okùn ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ orin ń rọ̀ dirodiro létí Virtue, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, apá kan irun rẹ̀ ni wọ́n dì, wọn ò tíì di èkejì. Success da ìró borí, orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ jáde, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀, òógùn sì bò ó. Bólúwadúró sọ lọ́kàn rẹ̀ pé òun ò ní jẹ́ kí aráyé rí àwọn ọmọ yìí bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó sì fi gbogbo ìfẹ́ tó wà níkùn rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ó yọ okùn kúrò létí ọmọ rẹ̀. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó di irun rẹ̀ tán. Àpá kékeré kan wà lókè ojú Virtue lápá òsì, ó pa á rẹ́ pátápátá. Ó wá kóòtù dúdú kan jáde, ó fi wọ Success, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan ìwé náà. Ó fi àwọ̀ àlùkò tó dára jù sẹ́yìn, ó tú ẹyẹlé sókè, ó sì mú fírémù wúrà, èyí tí kò tíì fún ẹnikẹ́ni látìgbà tí Juliet ti lọ, ó gbé ojú ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Àbẹ́là nìkan ló yọ kúrò. Ó ronú pé ti ọ̀dọ́ ni, àbẹ́là ò bá a mu, ó wá fi máíkì sípò rẹ̀. Ó rò pé òun ti bá ayé mu. Nísàlẹ̀, níbi tí orúkọ máa ń wà, ó kọ orúkọ ìdílé wọn mọ́ ti ọmọ, Ọlọ́runṣọlá Virtue, àti ọdún tí wọ́n bí i, àti ìlà kékeré tó máa ń tẹ̀ lé ọdún náà, nítorí ibẹ̀ ti wà nílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà fún gbogbo èèyàn. Níwájú ìlà náà, níbi tí ọdún ikú máa ń wà, àyè ṣófo.

Àṣà rẹ̀ ni pé bó bá tẹ iṣẹ́ tuntun jáde, á tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri iwájú, á sì sọdá títì lọ wò ó láti òkèèrè. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe láàárọ̀ ọjọ́ tí Virtue máa wá wo iṣẹ́. Ó lẹ̀ ẹ́ sáàárín ìyá ìjọ ti Makutu àti tíṣà ti Ponyan, ó sọdá sọ́dọ̀ Dáníẹ́lì tó ń lẹ táyà ní òdìkejì, ó sì jókòó lórí báńṣì rẹ̀. Iṣẹ́ náà dára lójú rẹ̀. Ó ń ronú ohun tí ọmọ á sọ, àti ohun tí òun náà á fi fèsì, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa tètè tán.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ọ̀kadà kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tó já ìyá rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyé ni gbogbo ilé ń pe ìyá náà, Rhoda lorúkọ rẹ̀ nínú ìjọ. Ìyàrá ló ń gbé. Kì í sọ fún wọn kó tó wá, bí iṣu bá ti ta lóko rẹ̀, á di díẹ̀ sápò, á gun ọ̀kadà. Ó gbé àpò iṣu kalẹ̀, ó na ẹ̀yìn, ó sì gbójú sókè wo ògiri bí gbogbo èèyàn ṣe ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ní ilẹ̀ wa, a kì í fi fóònù túfọ̀ fún àgbàlagbà. Àwọn ẹbí á kóra jọ, wọ́n á lọ bá a nílé, wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á wá fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀ tú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí Juliet lọ, àwọn tó máa wá sọ fún Ìyé ṣì ń dúró de ẹ̀gbọ́n kan tó ń bọ̀ láti Mopa. Ọwọ́ Bólúwadúró yá ju ẹsẹ̀ wọn lọ. Pósítà ti wà lára òpó iná ní Ìyàrá, Ìyé ń ti oko bọ̀, igi ìdáná wà lórí rẹ̀, ló bá bá ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀ pàdé nínú fírémù wúrà. Ibẹ̀ ló ti gbọ́.

Fírémù náà ló tún rí báyìí, àti ẹyẹlé, àti àwọ̀ àlùkò, àti ojú ọmọ ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn òkú.

Kò pariwo. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò iṣu, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó gbé e sórí itan. Bólúwadúró sáré sọdá, mọ́tò kan sì fun fèrè mọ́ ọn kíkankíkan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni pé, "Wọn ò tún rán ẹnì kankan sí mi."

"Ìyé, kò sí nǹkan kan. Virtue wà láàyè. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń kọrin, ó ń bọ̀ nísinsìnyí."

"Ó ń bọ̀," Ìyé tún un sọ, kò wo ojú rẹ̀. "Báyìí náà ni wọ́n ṣe sọ fún mi pé ara Juliet ti ń yá."

Bólúwadúró kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ ní ẹ̀bá títì, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń ṣàlàyé magasíìnì. Ta ló fẹ́ gbọ́ magasíìnì? Dáníẹ́lì ti sọdá, àwọn tó ń lọ sọ́jà ti ń dúró, àwọn kan ti ń kí Bólúwadúró kú ará fẹ́ra kù. Ojú tì í débi pé kò rántí láti dìde kó ya nǹkan náà kúrò lára ògiri.

Ohùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Virtue àti Success ń bọ̀ láti ọ̀nà ọjà, okùn kan ṣoṣo ló so mọ́ etí àwọn méjèèjì, wọ́n sì ń kọrin láìmọ̀ pé ohùn wọn ti lọ sókè. Ìyé gbójú sókè. Virtue rí i nílẹ̀, ó fa okùn yọ létí, ó sáré.

"Ìyé! Kí ló ṣe yín?"

Ìyá àgbà fi ọwọ́ méjèèjì mú orí ọmọ náà, ó fi àtàńpàkò wá òkè ojú òsì, ó rí àpá náà, ó sì fi ọwọ́ lé e. Lórí ọlọ tirẹ̀ ní Ìyàrá ni Virtue ṣubú sí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, Ìyé fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ di ojú ẹ̀jẹ̀ náà. Ìgbà tó tó fọwọ́ kan àpá yìí ni ẹkún ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀.

"Bólú," ó pe ọmọ rẹ̀, "ẹni tó o lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn ò ní àpá. Ọmọ tèmi ní àpá."

Virtue yí padà, ó wo ògiri. Success náà wò ó.

"Bàbá," Success wá fi sùúrù béèrè, "kóòtù ta ni mo wọ̀ yìí?"

Bólúwadúró wo ilẹ̀. "Ti tíṣà Ponyan yẹn ni."

Success wo tíṣà Ponyan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kóòtù náà rèé lọ́rùn tíṣà, bọ́tìnnì rẹ̀ kò yàtọ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì nítorí Ìyé. Ṣùgbọ́n Virtue kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo orúkọ ara rẹ̀, àti ọdún ìbí rẹ̀, àti ìlà kékeré yẹn, àti àyè tó ṣófo níwájú rẹ̀.

"Ṣé bí ẹ ṣe ń rí mi nìyí?" ó béèrè. Kò fi ìbínú béèrè rárá, ìdí nìyẹn tó fi wọ bàbá rẹ̀ lára tó bẹ́ẹ̀.

Bólúwadúró ya ìwé náà kúrò lára ògiri, ó ká a, ó dì í mú. Ó ní, "Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti ṣe ti ìyá rẹ ni mi ò ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí tó yàtọ̀ mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti wò ọ́. Bí mo bá wò ọ́, òun ni mò ń rí, bí mo bá sì ti rí i, fírémù yẹn náà ni mo máa ń rí." Ó ti pẹ́ tó ti sọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó báyìí fún ọmọ rẹ̀. Virtue gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

"Ẹ lọ gbé kámẹ́rà yín," ó ní. "Ẹ wá wo ibi tí a ti ń ṣe é."

Ilé àwọn Success kò jìnnà. Ìyé tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní òun ò ní jókòó ti òkú, òun ń bá wọn lọ. Ní ẹnu ọ̀nà yàrá, sílípáàsì kún ilẹ̀, pupa, búlúù, èyí tí wọ́n fi wáyà dì. Àwọn ọmọ tó kù ti wà nínú ilé. Success da ìró ìyá rẹ̀ borí pẹ̀lú fóònù, ó ní bí òun kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ariwo ọ̀kadà ni yóò kún inú orin. Bólúwadúró wá mọ ìdí tí ọmọ náà fi láàgùn nínú fótò àkọ́kọ́. Kì í ṣe ìmúra ni kò ní, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ó gbé kámẹ́rà sójú. Nínú ihò kékeré ara kámẹ́rà, ó rí Juliet, ó sì dúró, kò sọ kámẹ́rà kalẹ̀, ó tún wò ó dáadáa, àpá náà rèé lókè ojú. Virtue ni. Virtue tó wà láàyè, tí irun rẹ̀ kò tíì dì tán, tó ń fi orí okùn kan sí etí Ìyé kí ìyá àgbà lè gbọ́ ohùn òun. Ìyé lanu. Ó ní, "Ta ló wà nínú etí mi yìí?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, Virtue rẹ́rìn-ín títí ó fi tẹ̀ síwájú, Bólúwadúró sì tẹ bọ́tìnnì. Ó ń sunkún bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kò sì fi pa mọ́.

Àwọn ọmọ ló jókòó tì í nídìí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà, wọ́n sì ń jà. Orin Owé, ẹnu àwọn ará Kábà, kò gbọdọ̀ di Yorùbá ilé ìwé, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni kó kọ ọ́. Ti àwọn ará Ìyàrá àti Ògìdì náà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ àkọlé, ó wọ́ díẹ̀, wọ́n ní kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wọ́. Bólúwadúró gbà fún wọn ní gbogbo rẹ̀, àfi ibi tí wọ́n ní kí fótò sílípáàsì gba ojú ewé kan tán.

"Ta ló ń ya bàtà?" ó béèrè.

"Bàbá, bàtà yẹn la máa fi ń mọ ẹni tó ti dé," Virtue ní. "Bí sílípáàsì búlúù bá ti wà níbẹ̀, a ti mọ̀ pé orin máa dùn lónìí."

Ó ronú sí i, ó sì fún sílípáàsì ní ojú ewé kan tán. Ní èèpo iwájú, kò sí fírémù. Virtue ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, okùn kan ti etí rẹ̀ jáde lọ sí etí àgbàlagbà kan tí gèlè, etí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìkan hàn. Wọ́n pe magasíìnì náà ní *Ẹ Gbọ́ Wa Ná*. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín in ní gbọ̀ngàn ìlú, Bólúwadúró dúró lẹ́yìn, ó ń retí kí ẹnì kan sọ pé ó dára. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń gbọ́ ni bí ọmọ kan bá ṣí i, á fọwọ́ kan ọmọ kejì, á ní, "Wò ó, àwa nìyí." Ìyé gba tirẹ̀, ó wo etí ara rẹ̀ títí, ó ní bí ọjọ́ òun bá dé, irú èyí ni kí Bólú ṣe, kó má sì gbàgbé láti kọ́kọ́ rán èèyàn.

Virtue lọ sí Lọ́kọ́ja lẹ́yìn ìdánwò, bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Bàbá rẹ̀ sìn ín dé gáréèjì, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ láìdánu dúró: kó máa jẹun, kó kí Tabitha, ṣé ó mú okùn etí rẹ̀, àti pé ó yẹ kí èèpo magasíìnì tó ń bọ̀ ní àwọ̀ ewé iṣu díẹ̀. Virtue wọ mọ́tò, ó gbé fóònù rẹ̀ jáde lójú fèrèsé.

"Ẹ dúró, Bàbá, kí n yà yín."

Ó fẹ́ tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó fẹ́ de bọ́tìnnì ọrùn. "Ẹ fi sílẹ̀," Virtue ní, ó sì yà á.

Fótò náà dé sórí fóònù rẹ̀ kó tó rìn padà dé ṣọ́ọ̀bù. Fìlà rẹ̀ wọ́, yíǹkì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là gbàgà, nítorí ọmọ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.